Ìyá Tòún Kò Gbé Ìwé Ìran Sílẹ̀

Bí ẹnìkan bá dé Ìgándò lónìí tó ní Matilda Ọláoyè lòun ń wá, yóò béèrè títí ẹsẹ̀ yóò fi dùn ún. Ṣùgbọ́n kó sọ pé Ìyá Tòún tó ń rán sùtánà, ọmọ ọdún mẹ́ta lè fà á lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Tòún ti kú. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti kú. Àwọn kan fẹ́ máa pe màmá náà ní Ìyá Dọ̀tun, nítorí Dọ̀tun ni ọmọ tó kù. Wọ́n rò pé àánú làwọn ń ṣe. Obìnrin kan dúró níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá Dọ̀tun, ẹ kú iṣẹ́ o." Màmá ò gbójú sókè. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ ṣáà ń dún lọ ni. Ìgbà tó wá ní, "Ìyá Tòún," màmá dáwọ́ dúró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Hòo! Ìgbà wo lẹ dé?"

Irú obìnrin tó jẹ́ nìyẹn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì kàwé kọjá pámárì fọ́ọ̀. Wọ́n fẹ́ gba ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ò ní í gbé e sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà nìyí.

Ní ìjọ tí Ìyá Tòún ń lọ, ìjọ aláṣọ funfun kan lẹ́yìn ọjà Ìkòtún, bí Ẹ̀mí bá gbé wòlíì, wòlíì kì í mọ ohun tó ń sọ. Ẹlòmíràn ló máa ń jókòó tì í, tòun ti ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle àti báírò, tí yóò máa kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Akọ̀wé ìran ni wọ́n ń pe ẹni bẹ́ẹ̀. Ìyá Tòún ti ń ṣe é fún ọdún mọ́kànlélógún. Kì í fi kún un, kì í yọ nínú rẹ̀. Bí wòlíì bá wúkọ́, yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé wòlíì wúkọ́. Bí Ẹ̀mí bá sì ti kúrò lára wòlíì, akọ̀wé á dìde láàárín ìjọ, á ka ohun tó kọ padà ketekete, á wá béèrè pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ẹnu mẹ́ta nínú àwọn tó gbọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Bẹ́ẹ̀ ni." Bí ẹnu kò bá pé mẹ́ta, ìran kọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ lásán ni, wọn á fa igi lé e.

Yorùbá ni màmá fi ń kọ ọ́. Ìjọ sì ti di ti ọlọ́pọ̀ èdè. Ará Sàpẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ará Calabar wà níbẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé "ẹ káàárọ̀" nìkan ni wọ́n gbọ́ ní Yorùbá. Láyé Tòún, ìyẹn ò mú wàhálà dání. Tíṣà ni Tòún ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Bí ìyá bá ti ka Yorùbá tán, ọmọ á sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá àti ọmọ, ẹnu kan. Àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án ló mú un lọ.

Lẹ́yìn ikú Tòún, Bàbá Olùṣọ́, tó jẹ́ olórí ìjọ náà, mú Bùrọ́dà Godswill jáde. Ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìkẹjà, ó tó ẹni ọdún márùndínlógójì, ó níyàwó, ó ní ìwà pẹ̀lẹ́, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa, nítorí Alímòṣọ́ ni wọ́n bí i sí. Òun náà á jókòó nígbà ìran, á máa tẹ Gẹ̀ẹ́sì sórí fóònù rẹ̀. Bó bá dọjọ́ kejì, á fi ránṣẹ́ sí Wásáàpù ìjọ. Kò sí ìkàpadà níbẹ̀, kò sí "bẹ́ẹ̀ ni". Ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ránṣẹ́, ó tán.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni Bàbá Olùṣọ́ wá pe màmá síwájú gbogbo ìjọ.

"Ìyá Tòún, ẹ ti gbìyànjú. Olúwa á san án fún yín. Ẹ gbé ìwé yẹn fún Bùrọ́dà Godswill, kí gbogbo rẹ̀ kúkú di Gẹ̀ẹ́sì."

"Ṣé mo ṣẹ̀ ni, Bàbá?"

"Rárá o. Àgbà ló dé."

"Àgbà ò tíì dé etí mi. Kò sì dé ọwọ́ mi."

"Gẹ̀ẹ́sì là ń wí, Ìyá Tòún."

"Mo gbọ́. Wọn kì í bí Gẹ̀ẹ́sì mọ́ èèyàn bí àmì ara. Wọ́n ń kọ́ ọ ni. Ẹ fún mi dìgbà Ìkórè. Lọ́jọ́ náà, kí èmi àti Bùrọ́dà Godswill jọ kọ ọ́, kí a jọ kà á lójú gbogbo yín. Ẹni tí tirẹ̀ bá dúró, kó gbé ìwé lọ."

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn akọrin. Obìnrin kan ní, "Màmá fẹ́ di òyìnbó, ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá ọ̀nà fún un!"

Ìyá Tòún yíjú sí i. "Máa rẹ́rìn-ín jàre. Eyín rẹ funfun, ó yẹ kí aráyé rí i. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ò kúrò níbi tó wà."

Ó gbé ìwé náà há abíyá, ó lọ jókòó. Nítorí pé ojú gbogbo ìjọ ló ti sọ ọ́, Bàbá Olùṣọ́ kò rí ibi gbà sá. Ó ní kó rí bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́fà ló kù.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà níwèé ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọmọdé bá ti lọlé. Ibẹ̀ ni màmá gbà lọ lọ́jọ́ Ajé. Àga àwọn ọmọ náà kéré débi pé orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni tíṣà wọn, Yẹ́misí lorúkọ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé a bẹ̀rẹ̀ láti ABD?"

"Tíṣà, ABD wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ ara wọn ni mo bá wá. Mo fẹ́ mọ èyí yàtọ̀ sí tọ̀hún. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀mí ni mo fẹ́ fi kọ, mi ò sì gbọdọ̀ parọ́ mọ́ Ẹ̀mí."

Yẹ́misí wò ó dáadáa, ó yíjú sí pátákó, ó kọ mẹ́ta síbẹ̀: "came", "has come", "is coming". Ó ṣàlàyé wọn. Kò tíì ṣàlàyé tán tí màmá fi na ọwọ́ sókè.

"Tíṣà, èyí ò le. 'Is coming' ni ń bọ̀. 'Has come' ni ti dé, ó sì wà nílé. 'Came' ni wá. Ó wá lánàá, ó ṣeé ṣe kó ti padà lọ."

"Háà, mà! Ta ló ti kọ́ yín?"

"Bí a bá sọ fún èèyàn pé àìsàn ń bọ̀, á lọ gbàdúrà. Bí a bá sọ fún un pé ó ti dé, ìbẹ̀rù ló máa kọ́kọ́ pa á. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wọn ni mi ò mọ̀."

"Rise" àti "raise" ló wá kọ́kọ́ fún un lọ́rùn. Lójú rẹ̀, ìbejì ni wọ́n, ẹnì kan náà ló sì wọṣọ fún wọn. Ó ronú lé wọn títí ó fi délé. Sùtánà mẹ́jọ wà lórí okùn lọ́jọ́ náà, funfun gbòò, gígùn kan náà. Ẹni tí kò mọ̀ á ní aṣọ ẹnì kan ni. Màmá yí ọrùn ọ̀kan síta, ó rí bí òun ṣe ká etí rẹ̀ nínú, ó mọ̀ pé ti Wòlíì ni. Ó yí òmíràn síta, ti bàbá tó ń lu agogo ìjọ ni. Ó dúró níbẹ̀ tòun ti aṣọ lọ́wọ́. Ó ní ó dáa, bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, òun á yí ọrùn wọn síta.

Kí ló wà nínú "raise"? Ẹnìkan wà nínú rẹ̀ tó ń gbé nǹkan. Kí ló wà nínú "rise"? Kò sí ẹnìkankan. Ohun náà ló ń dìde fúnra rẹ̀. Oòrùn ń "rise". Ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n pò sílẹ̀ ń "rise". Ṣùgbọ́n ọmọ, wọ́n ń "raise" rẹ̀ ni; kò sí ọmọ tó gbé ara rẹ̀ pọ̀n rí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ méjèèjì sára àjákù aṣọ, ó fi píìnì gún wọn mọ́ kọ́tìnì. Láàárín oṣù kan, kọ́tìnì náà kún débi pé àwọn oníbàárà ń béèrè bóyá Gẹ̀ẹ́sì ló tún ń tà.

Ó fi "rise" fọ́nnu ní kíláàsì. Yẹ́misí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, mà. 'Lie' àti 'lay' ńkọ́?"

"Ìdílé kan náà ni. 'Lie', èmi ni mo dùbúlẹ̀. 'Lay', nǹkan ni mo tẹ́ sílẹ̀."

"Ẹ sọ pé ẹ dùbúlẹ̀ lánàá."

"Yesterday, I lied."

"Irọ́ lẹ pa yẹn, mà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Yẹ́misí ṣàlàyé pé bí "lie" bá di ti àná, ó di "lay". Màmá bọ́ ìgò ojú rẹ̀.

"Ìyẹn ni pé àná ọ̀kan ni òní èkejì? Ta ló fún wọn láṣẹ?"

"Èmi kọ́ o, mà."

"Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́. Màá há a sórí. Ṣùgbọ́n mi ò dárí jì wọ́n."

Lọ́sẹ̀ kan, wọ́n ní kí oníkálùkù kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá Tòún fi gbogbo ara kọ ọ́: "I am a tailor of white garment. I work hardly every day." Yẹ́misí kà á, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu.

"Mà, ẹ ti sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀lẹ ni yín."

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo rán sùtánà mọ́kànlá lọ́sẹ̀ Àjíǹde!"

"'Hard' ni kíkankíkan, mà. 'Hardly' ni agbára káká. Ẹni tó ń 'work hardly', agbára káká ló fi ń gbé abẹ́rẹ́."

Màmá gba ìwé náà, ó fa igi lé "ly" náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní ìrù tó ń ba ẹranko jẹ́ ni, kí wọ́n gé e. Ìgbà tó délé ló wá rí i pé irú rẹ̀ wà nínú Yorùbá náà, àfi pé iwájú ni tiwọn wà. Pẹ́ àti láìpẹ́: wọ́n jọ ara wọn, ọ̀nà wọn ò pàdé. Ó kọ "late" sábẹ́ pẹ́, ó kọ "lately" sábẹ́ láìpẹ́ yìí, ó sì lọ fi han tíṣà. Yẹ́misí ní ó gbà á, ó dáa gan-an. Ó wá fi kún un pé "late" tún wà fún ẹni tó ti kú, bí ìgbà tí a bá ní olóògbé.

Ìyá Tòún gbé báírò sílẹ̀.

"Òyìnbó ní ẹni tó kú ti pẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, mà."

"Tòún mi ò pẹ́, Tíṣà. Ó yá jù ni. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Màá mọ̀ ọ́n bí mo bá rí i níwèé. Ọwọ́ mi ò ní í kọ ọ́ mọ́ orúkọ rẹ̀ láyé."

Yẹ́misí yíjú sẹ́yìn. Ó nu pátákó.

Dọ̀tun pè é láti Abúlé Ẹ̀gbá. "Màámi, wọ́n ní ẹ ń lọ síléèwé. Kí lẹ tún ń wá lọ́jọ́ orí yín? Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ìwé wọn, kẹ́ ẹ sinmi."

"Ìsinmi wà níwájú mi, Dọ̀tun, kò sẹ́ni tó lè gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé o ti jẹun?"

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí Ìkórè, Hope wọlé tọ màmá wá. Ará Sàpẹ́lẹ̀ ni Hope, ó ń dirun ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ Command. Òun ló ń tan àbẹ́là pẹpẹ fún ìjọ láti ọdún méje. Á dé kí ilẹ̀ tó mọ́, á nu ọ̀pá àbẹ́là, á tan méjèèje. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù láyé nìyẹn. Ó gbé fóònù rẹ̀ fún màmá. Ohun tí Godswill fi sí Wásáàpù ni: Ẹ̀mí ní kí Sister Hope sinmi iṣẹ́ àbẹ́là, kí àbúrò Bàbá Olùṣọ́ lobìnrin gbà á.

"Mama Toun, abeg, na true say Spirit talk am?"

Màmá ṣí ìwé ńlá náà, ó wá ọjọ́ náà kàn. Àdúrà Ọjọ́rú ni. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ òjò wà níbẹ̀, ti aláboyún kan wà níbẹ̀. Àbẹ́là kò sí níbẹ̀.

"Hope, I siddon there from start reach finish. I no hear am. I no write am. Nobody answer bẹ́ẹ̀ ni."

"So who talk am?"

Màmá pa ìwé dé. "I no know." Ìyẹn dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kó tó di pé Wásáàpù dé, kò sí ẹni tó lè ní Ẹ̀mí wí, kí akọ̀wé má mọ̀. Àṣé bí òun bá gbé ìwé yìí sílẹ̀, ẹnu ẹnikẹ́ni lè di ẹnu Ẹ̀mí. Hope ń sunkún. Màmá ní kó nu ojú rẹ̀, kó dìde dúró, kí òun wọn gígùn sùtánà tuntun fún un. Hope ní òun ò béèrè sùtánà. Màmá ní, "Did I ask you?"

Ọjọ́ Ìkórè pé. Wọ́n kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí iwájú pẹpẹ títí kò fi sí àyè ẹsẹ̀. Wòlíì Ọmọ́wùnmí, ìyá tó ní ẹ̀rọ ata ní Òkè-Odò, kò tíì jó yí ká lẹ́ẹ̀kejì tí Ẹ̀mí fi gbé e. Godswill jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀ tòun ti fóònù. Ìyá Tòún jókòó lápá òsì, ó ṣí ìwé lórí itan, ó pín ojú ewé sí méjì: Yorùbá níhìn-ín, Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún.

Wòlíì sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ó ní omi tó ń yalé ní àdúgbò yóò fà. Ó ní kí ọkùnrin kan tó ń bínú sí àbúrò rẹ̀ lọ bá a sọ̀rọ̀. Ọwọ́ Ìyá Tòún ń lọ. Lójijì Wòlíì dúró, ó kọjú sí pẹpẹ, ohùn rẹ̀ yí padà.

"Olùṣọ́! Ta ló rán ọ? Ìwọ lo dìde fúnra rẹ. Èmi kọ́ ni mo gbé ọ dìde. Dá iṣẹ́ àbẹ́là padà fún ẹni tí mo gbé e fún."

Ó ṣubú lulẹ̀, Ẹ̀mí fi í sílẹ̀. Ìyá Tòún kọ ọ́. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí i pé àtàǹpàkò Godswill kò kúrò lójú kan.

Bàbá Olùṣọ́ ní kí Godswill kọ́kọ́ kà. Ó kà á. Gẹ̀ẹ́sì náà dùn létí bí orin. Ọ̀rọ̀ àlàáfíà wà níbẹ̀, ti omi wà níbẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó pa fóònù, kò sì gbójú wo ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi ariwo ọwọ́ bo nǹkan mọ́lẹ̀.

"Ó kù yín, Ìyá Tòún," ni Bàbá Olùṣọ́ wí.

Màmá dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán tẹ símẹ́ńtì. Ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́. Ẹnìkan fọn imú láti fi pa ẹ̀rín. Ó ka ti àlàáfíà. Ó ka ti omi. Ó ka ti ọkùnrin oníbìínú. Ó mí kanlẹ̀.

"Shepherd, who send you? You rose by yourself. It is not me that raised you. Return the candle work to the person I gave it."

Kò sí ẹni tó fọn imú mọ́. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá máa ń jókòó sí, Hope ti dìde dúró.

Bàbá Olùṣọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ẹ̀yin ará, ẹ ò rí ohun tí mo ń wí? 'Who send you' kọ́, Ìyá Tòún. 'Who sent you' ni. Bí a kò bá mọ òní yàtọ̀ sí àná, báwo la ṣe fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ Ẹ̀mí lé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀?"

Màmá wo ojú ewé náà. Ó wò ó dáadáa.

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Àṣìṣe mi ni. Ẹ ṣeun." Ó gbé báírò, ó tún un kọ síbẹ̀ lójú gbogbo wọn. "Mo ti tún un ṣe. 'Shepherd, who sent you?' Ó wá ku kí ẹ dáhùn."

"Ìyá Tòún!"

"Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti pé o, Bàbá. Èyí tó kù kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì." Ó yíjú sí ìjọ. "Ohun tí mo kọ nìyí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́. Àwọn kan ń wo ọ̀pẹ̀ òyìnbó iwájú wọn bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Bàbá Ọdẹ́tọ́lá, àgbàlagbà ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń lu agogo ìjọ, fi ọ̀pá gún ilẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Etí mi dí, ṣùgbọ́n kò dí tó ìyẹn." Obìnrin akọrin kan sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, orí nílẹ̀, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Hope ké láti ẹ̀yìn, "Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè jẹ́rìí sí ohun tí kò yé e," ni Bàbá Olùṣọ́ wí. Òfin wọn sì ni, kò parọ́. "Ẹnu méjì ni. Ìyá Tòún, ẹ fa igi lé e, kí ẹ gbé ìwé wá."

"Mi ò tíì jókòó, Bàbá. Akọ̀wé kì í fa igi kó tó jókòó."

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ jókòó?"

"Bó ṣe ọ̀la ni. Mo jẹun kí n tó kúrò nílé."

Ó dúró. Ìwé ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó báyìí, gbogbo rẹ̀ tán: ìwé á lọ, iṣẹ́ Hope á lọ, ohun tí Ẹ̀mí wí á di irọ́ ìyá arúgbó kan tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì. Kò jókòó. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ebi. Kò jókòó. Ó ń wo Godswill, kò wò ó tìkanra-tìkanra, ó kàn ń wò ó bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó mọ̀ pé ó mọ̀.

Godswill dìde. Aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn fún òógùn.

"Mo gbọ́ ọ," ló wí. "Mi ò kọ ọ́ ni. Bàbá ni Bàbá, mi ò mọ bí ọmọdé ṣe ń kọ irú ẹ̀. Ti Sister Hope tí mo fi sí Wásáàpù náà, Wòlíì kọ́ ló sọ ọ́. Bàbá ló pè mí lórí fóònù." Ó yíjú sí Ìyá Tòún. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó pé mẹ́ta.

Bàbá Olùṣọ́ na ọwọ́. "Ẹ gbé ìwé yẹn fún mi, kí n lọ gbàdúrà lé e nínú yàrá."

"Ìwé ìran kì í kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé wọ yàrá," ni Ìyá Tòún wí. "Ohun tí ẹ bá fẹ́ kà nínú rẹ̀, ẹ wá kà á níbí. Ìmọ́lẹ̀ wà."

Ọwọ́ náà wà lókè fún ìgbà díẹ̀, kò rí ohun tó bọ́ sínú rẹ̀. Bàbá Olùṣọ́ fà á padà. Kò tọrọ gáfárà. Ó kàn sún kúrò níwájú ọ̀pá àbẹ́là ni.

Hope ti ń bọ̀ láàárín ìjókòó, sùtánà tuntun lọ́rùn rẹ̀, ìṣáná lọ́wọ́. Ó tan àbẹ́là méjèèje. Ìyá Tòún jókòó níkẹyìn, ó fa ojú ewé náà sún mọ́ra, ó kọ ọ́ ní Yorùbá pé Hope wá, ó tan méjèèje. Ó wá bọ́ sí apá kejì, ó bẹ̀rẹ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.